Àgọ́ Létí Odò Mara: Ìtọ́sọ́nà fún Ará Ògbómọ̀ṣọ́ Tó Fẹ́ Lọ Sùn Láàrin Ẹranko

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Tákìé. Àwọn ọmọ wọn tó wà lókè òkun fẹ́ kí wọ́n fi ayẹyẹ àádọ́rin ọdún lọ najú sí Kenya, wọ́n sì ní kí n bá àwọn ṣètò rẹ̀. Mo ṣí àwòrán ibùdó náà hàn wọ́n lórí fóònù. Màmá gbé awò sójú, wọ́n wò ó, wọ́n tún un wò.

"Ṣé aṣọ ni wọ́n fi kọ́ ilé yìí ni?"

"Aṣọ ni mà."

"Kí n wá fi ilé páànù tí bàbá yín kọ́ sílẹ̀, kí n san owó tó tó ra pulọ́ọ̀tì, kí n lọ máa sùn nínú aṣọ?"

Wọ́n lọ o. Alẹ́ mẹ́rin ni wọ́n sùn níbẹ̀, èmi ni mo sì tẹ̀ lé wọn. Iṣẹ́ mi nìyẹn: mo máa ń kó àwọn èèyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ lọ wo ibi tójú ò tíì rí. Ohun tí mo ti rí kọ́ nípa irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ni pé aṣọ tí màmá ń bínú sí yẹn gan-an ni ọjà tí wọ́n ń tà. Ògiri búlọ́ọ̀kù máa ń dí ìró odò mọ́ta. Aṣọ kì í dí nǹkan kan. Bí erinmi bá ń já koríko jẹ lẹ́yìn orí yín lóru, ẹ ó gbọ́ ọ, krọ́krọ́krọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ń gbọ́ ẹranko náà ni ẹranko ń gbọ́ yín, tó sì ń gbóòórùn ohun tó wà nínú báàgì yín. Láti orí ẹrù dídì títí dé orí oúnjẹ, ibi aṣọ yìí ni gbogbo ìmọ̀ràn mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹ fẹ́ lọ bá níbẹ̀

Ẹ má rò ó sí àgọ́ tí ìjọ ń pa nígbà ìpàgọ́. Orí pèpéle onípákó ni wọ́n ń pa á sí, àwọn mìíràn fẹ̀ ju pálọ̀ ilé wa lọ. Bẹ́ẹ̀dì gidi wà níbẹ̀, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn rọ̀ lé e lórí, ilé ìwẹ̀ àti ṣáláńgá olómi wà lẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ nínú aṣọ kan náà. Síìpù ni ilẹ̀kùn. Iwájú rẹ̀ ni wọ́n máa ń to àga méjì sí, tó kọjú sí odò. Iná oòrùn ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Àgọ́ ńlá kan tún wà láàrin tí gbogbo èèyàn ti ń jẹun.

Orí òkè Mau ní Kenya ni odò Mara ti ṣẹ̀. Ó gba inú páàkì Maasai Mara kọjá, ó wọ Tanzania, ó sì ṣàn lọ sínú adágún Victoria. Nǹkan tó máa ń ya àwọn ará ilé wa lẹ́nu ni pé páàkì náà kò tó tiwa: 1,510 kìlómítà níbùú lóròó ni, páàkì Ọ̀yọ́ Ilé tí odò Ògùn ń ṣàn gba inú rẹ̀ sì jẹ́ 2,512. Kì í ṣe ilẹ̀ ni wọ́n fi jù wá lọ. Wọ́n kàn fi ẹran sílẹ̀ kó gbé ni. Láti 1977 ni Kenya ti fòfin de ọdẹ ṣíṣe. Ọdẹ ni Ògúnlọ́lá tó tẹ ìlú wa dó, àwa ọmọ rẹ̀ kò sì tíì dẹ́kun láti máa wo ẹran bí ẹni ń wo ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ fi ojú yẹn sílẹ̀ sílé.

Mímú àsìkò

Láàrin oṣù keje sí oṣù kẹwàá ni àwọn nyumbu, ẹran onírùngbọ̀n kan tó jọ màlúù, máa ń ti Serengeti ní Tanzania rọ́ wá sí Mara. Wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan. Wọ́n á máa bẹ́ sódò gìrìgìrì, ọ̀nì á sì máa dúró dè wọ́n nísàlẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n nìyẹn, ìgbà yẹn náà sì ni owó ń gun òkè jù lọ, tí ọkọ̀ ogún á tò sétí odò fún kìnìún kan ṣoṣo.

Òjò ńlá máa ń rọ̀ láàrin oṣù kẹta sí ìkarùn-ún. Ọ̀nà á di ẹrẹ̀, àwọn ibùdó kan á tiẹ̀ ti ilẹ̀kùn wọn. Bí ẹ bá bi mí, oṣù kìíní àti ìkejì ló dára jù fún ẹni tó ń lọ fúngbà àkọ́kọ́. Ilẹ̀ gbẹ, èrò kò pọ̀, ìdajì sì ni owó ẹnu ọ̀nà. Nyumbu lè má pọ̀, ṣùgbọ́n kìnìún, ẹkùn, erin, àgùnfọn àti erinmi kì í bá wọn lọ sí Tanzania. Onílé ni wọ́n.

Owó, àti àwọn tó ń gba owó

Ibùdó tó dára létí odò náà lè gba $300 lórí ẹnì kan fún alẹ́ kan, ó sì lè gba $1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èyí wé ìyẹn, ẹ béèrè ohun tó wà nínú owó náà. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta máa ń wà níbẹ̀. Ṣé ọkọ̀ tó ń gbé yín lọ wo ẹran láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ wà níbẹ̀? Ohun mímu ńkọ́? Ṣé wọ́n á wá gbé yín ní pápá tí bàlúù kékeré ń bà sí? Owó ẹnu ọ̀nà páàkì sì ń kọ́? Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló máa ń bú mọ́ àwọn èèyàn lójú. Láti 2024, $100 ni àjòjì tó dàgbà ń san fún wákàtí méjìlá láàrin oṣù kìíní sí oṣù kẹfà, $200 sì ni láti oṣù keje sí ìkejìlá. Ẹ wá fi iye ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò sọ ọ́ di púpọ̀. Ibùdó tó bá polówó ara rẹ̀ ní pọ́ọ́kú lè jẹ́ pé owó yìí ni kò kà mọ́ ọn.

Báàlúùnù náà wà, àpò ńlá tí wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ gbígbóná gbé èèyàn sókè ní ìdájí. Ó lé ní $400 lórí ẹnì kan. Mo ti gùn ún lẹ́ẹ̀kan. Ó dùn. N kò ní fi owó ara mi gùn ún lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀kọ́ tó dùn mí jù lọ nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ ajẹ́ǹtì kan tí n kò ní dárúkọ ni mo ti kọ́ ọ. Mo fi ìdajì owó èèyàn mẹ́rin ránṣẹ́ sí i. Ó fi rìsíìtì tó ń dán gbinrin ránṣẹ́ padà. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a lọ, mo pe ibùdó náà fúnra mi, wọ́n ní àwọn kò gbọ́ orúkọ wa rí. Láti ọjọ́ náà, ohun mẹ́ta ni mo máa ń ṣe. Mo máa ń wò ó bóyá orúkọ ilé iṣẹ́ náà wà lójú ìwé KATO, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣètò ìrìn àjò ní Kenya. Mo máa ń kọ̀wé sí ibùdó náà tààrà láti béèrè bóyá orúkọ wa ti wọ ìwé wọn. N kì í sì í sanwó sínú àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo, bó ti wù kí ẹnu rẹ̀ dùn tó.

Ìwé àti abẹ́rẹ́

Ẹ wo pásípọ́ọ̀tù yín lónìí, kí ó ṣẹ́ ku oṣù mẹ́fà ó kéré tán lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa wọ Kenya. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣètò ìwé ìwọlé wọn, òfin rẹ̀ sì máa ń yí padà, nítorí náà ojú ìwé ìjọba Kenya gan-an ni kí ẹ wò kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Wọn ò ní fojú fo káàdì aláwọ̀ ìyeyè dá. Orílẹ̀-èdè tí ibà pọ́njú wà ni tiwa, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti gba abẹ́rẹ́ náà, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó wọ ọ̀hún. Ọ́fíìsì Port Health ni kí ẹ ti gbà á. Láti 2016, ìgbà kan téèyàn bá ti gbà á ti tó títí ọjọ́ ayé, nítorí náà ẹni tó bá ní káàdì àtijọ́ kó má ṣe sọ ọ́ nù. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tó ń ta káàdì láìgún abẹ́rẹ́. Ẹni tó rà á ra ìwé ni, kò ra ìlera.

Ibà ẹ̀fọn wà ní Mara bó ṣe wà nílé. Ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ fún dókítà yín, kí ó sọ oògùn tó yẹ, pàápàá fún àgbàlagbà àti ẹni tó lóyún.

Ẹrù dídì: ibí ni ìjà ti máa ń bẹ́

Bàlúù kékeré tó ń lọ sí Mara kì í gbà ju kìlógíráàmù 15 lọ lọ́wọ́ ẹnì kan, báàgì ọwọ́ wà nínú rẹ̀. Báàgì náà gbọ́dọ̀ rọ̀, nítorí abẹ́ ikùn bàlúù náà ni wọ́n ń fún un wọ̀ bí ẹni ń ki ẹ̀wù bọ àpò. Àpótí líle onítáyà kò lè wọ̀ ọ́. Màmá gbé àpótí onítáyà méjì wá. Ọ̀kan kún fún léèsì àti gèlè, nítorí wọ́n ní ọjọ́ ìbí àádọ́rin kì í ṣe ohun téèyàn ń fi súwẹ́tà ṣe. A gbé e lé ìwọ̀n ìyẹ̀fun ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wa: kìlógíráàmù 31. Wákàtí méjì la fi jà. Gèlè kan àti léèsì kan ló kù níkẹyìn, wọ́n sì wọ̀ wọ́n lálẹ́ ọjọ́ ìbí náà létí odò. Gbogbo ibùdó ló wá ya fọ́tò.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ọ̀rá. Láti ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ 2017, Kenya ti fòfin de ọ̀rá tí a fi ń di ẹrù. Ìtanràn rẹ̀ lè dé mílíọ̀nù 4 ṣílè tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin. Láti ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2020, ike tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n ń jù nù, irú bí ike omi, kò gbọ́dọ̀ wọ inú páàkì mọ́. Ẹ wá wo bí àwa ṣe ń dì ẹrù! Nínú àpótí màmá, bàtà wà nínú ọ̀rá dúdú, ọṣẹ wà nínú ọ̀rá, oògùn wà nínú ọ̀rá, gààrí wà nínú ọ̀rá tó tún wà nínú ọ̀rá mìíràn. Mo ka ọ̀rá mọ́kànlá. Ohun tí mo máa ń ṣe báyìí ni pé mo ní télọ̀ kan ní Sábó tó máa ń fi àjákù àǹkárá rán àpò kéékèèké olókùn fún mi. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á gba mẹ́fà. Wọ́n wúlò, wọ́n sì lẹ́wà ju ọ̀rá lọ.

Aṣọ: ẹ mú èyí tó ní àwọ̀ ilẹ̀ tàbí koríko gbígbẹ. Funfun báláú máa ń ṣẹ́jú sí ẹranko láti ọ̀ọ́kán. Búlúù àti dúdú ni eṣinṣin tsetse fẹ́ràn, débi pé aṣọ búlúù àti dúdú ni wọ́n fi ń rán pańpẹ́ tí wọ́n ń dẹ sí i. Ẹ jẹ́ kí adìrẹ aláró sinmi nílé. Ẹ má wọ ohunkóhun tó jọ aṣọ ṣọ́jà.

Ẹ mú súwẹ́tà tó nípọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ni kò gbà mí gbọ́ lórí èyí, wọ́n ní ṣebí Áfíríkà kan náà ni. Ilẹ̀ Mara ga ju mítà 1,500 lọ sókè òkun. Tí ẹ bá jókòó sínú ọkọ̀ tí kò ní gíláàsì láago mẹ́fà àárọ̀, ọyẹ́ ilé wa á dà bí eré lójú yín.

Tọ́ọ̀ṣì, awò tí a fi ń wo ọ̀nà jínjìn, oògùn ẹ̀fọn, fìlà olétí. Ẹ má ra orí ṣájà kankan, ojúhò iná onígun mẹ́ta tiwa náà ni wọ́n ń lò ní Kenya. Dọ́là tí ẹ bá mú dání, kó jẹ́ tuntun; èyí tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú 2006, wọn kì í sábà gbà á. Ẹ má gbé dróònù lọ.

Ojú ọ̀nà

Ẹ má ṣe ti Ògbómọ̀ṣọ́ gbéra lọ́jọ́ tí bàlúù máa gbéra. Ẹni tó mọ ọ̀nà wa mọ ìdí rẹ̀. Ẹ sùn sí Èkó. Láti Èkó sí Nairobi jẹ́ nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, aago wọn sì fi wákàtí méjì ṣáájú tiwa. Ẹ sùn sí Nairobi náà, nítorí pápákọ̀ tí ẹ máa bà sí kọ́ ni ẹ ti máa wọ bàlúù Mara. Wilson ni wọ́n ń pe ìyẹn, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ sì wà láàrin méjèèjì. Ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta lójú òfurufú. Bàlúù náà lè bà síbi méjì tàbí mẹ́ta bíi dáńfó kó tó dé tiyín, nítorí náà ẹ gbọ́ orúkọ pápá yín dáadáa kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ ó gbọ́ "pole" lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ẹ bá kọsẹ̀, wọ́n á ní "pole". Bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹ rọra, "pole pole". Màmá ní, "Àwọn wọ̀nyí mà ń sọ pẹ̀lẹ́ o!" Wọ́n ti bá gbogbo òṣìṣẹ́ ibùdó náà ṣọ̀rẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kan yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ àti òru àkọ́kọ́

Tí ẹ bá dé, wọ́n á fún yín ní aṣọ tútù láti fi nujú àti nǹkan mímu, máníjà á sì jókòó tì yín láti ka òfin. Ẹ má máa tẹ fóònù lásìkò yìí. Ìgbà yìí lẹ máa mọ bí a ti ń pe ọlọ́dẹ lóru: ibùdó mìíràn ń lo fèrè, òmíràn ń lo rédíò alágbèéká, òmíràn ní kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì síta kí ẹ máa jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ dán an wò lójú wọn.

Lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀, ẹ kò gbọ́dọ̀ dá rìn, ì báà jẹ́ láti àgọ́ yín sí ibi oúnjẹ tí ẹ ń wò lọ́ọ̀ọ́kán. Ọlọ́dẹ Maasai tó mú ọ̀kọ̀ dání ló máa wá mú yín, òun náà ló máa mú yín padà. Erinmi ló fà á. Inú odò ló máa ń rì sí látàárọ̀, imú àti etí nìkan lẹ ó rí. Tí ilẹ̀ bá ṣú, á gòkè wá jẹ koríko, nǹkan bíi kìlógíráàmù 40 lóru kan, koríko tútù inú ibùdó sì wà lára oúnjẹ rẹ̀. Ara rẹ̀ wúwo ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ, ó sì ń sáré ju èèyàn lọ. Kì í jẹ ẹran, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró sáàrin òun àti odò, ó máa ń tẹ̀ ẹ́ kọjá ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí bèbè odò pàápàá lọ́sàn-án. Ọ̀nì wà níbẹ̀, bèbè náà sì máa ń ya lulẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀.

Lóru ọjọ́ àkọ́kọ́, mo gbọ́ ohùn màmá láti àgọ́ kejì, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́:

"Ṣé ìwọ lò ń hanrun báyẹn?"

"Èmi kọ́ mà. Erinmi ni."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Ìró náà tún wá, *hùn-hùn-hùn-hùn*, bí àgbà tó ń rẹ́rìn-ín nínú agbada irin.

"Ó sún mọ́ wa?"

"Ó wà lẹ́yìn àgọ́ yín, mà. Ẹ má ṣí síìpù."

"Ta ló fẹ́ ṣí i!"

Àṣírí ibẹ̀ ni pé ẹranko kì í mọ aṣọ àgọ́ sí nǹkan tó ṣeé já wọ̀. Ògiri ló ń rí. Bí síìpù bá ti wà ní títì látòkè délẹ̀, tí oúnjẹ kò sì sí nínú ilé, á jẹ koríko rẹ̀ lọ. Ẹ dákẹ́, ẹ má tan iná sí i lójú, ẹ gbádùn rẹ̀. Owó yín nìyẹn ń sọ̀rọ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà tí n kò bá ti kìlọ̀ fún màmá. Tí ẹ bá wà níbi oúnjẹ alẹ́, òṣìṣẹ́ máa ń wọlé wá ki róbà omi gbígbóná sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì nítorí òtútù. Wọ́n ti fi aṣọ onírun wé e. Màmá na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kan ohun tó lọ́wọ́ọ́wọ́ọ́ tó tún rọ̀ tó tún nírun. Orúkọ Jésù tí wọ́n pè lálẹ́ ọjọ́ náà, ó dé Tanzania.

Oúnjẹ inú báàgì

Ẹ kò gbọ́dọ̀ tọ́jú nǹkan jíjẹ sínú àgọ́. Bísíkíìtì, kúlíkúlí, ẹ̀pà, gààrí, títí kan súìtì ọ̀fun. Ọ̀bọ ibẹ̀ mọ síìpù ṣí ju ọmọ ilé ìwé lọ. Tí ẹ bá ń jáde láàárọ̀, ẹ fa síìpù náà délẹ̀ kí ẹ sì so ó bí wọ́n bá fún yín ní okùn. Bàbá kan tí mo mú lọ rò pé òun gbọ́n, ó fi dòdò Ìkirè pamọ́ sínú bàtà. Ọ̀bọ gbé bàtà àti dòdò lọ, ó jẹ dòdò tán lórí igi, ó wá ju bàtà sódò. Ilé ìdáná ni kí ẹ kó gbogbo ohun jíjẹ yín fún, wọ́n á kọ orúkọ yín sí i lára.

Oúnjẹ ibùdó pọ̀, ó sì dára, àmọ́ ẹnu òyìnbó ni wọ́n fi ń sè é. Àwa tí wọ́n ń kì ní ọmọ ibi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ, búrẹ́dì àti ẹyin láàárọ̀ kì í tètè yé wa. Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ di ata gígún sínú agolo kékeré, kí ẹ gbé e fún kúùkù. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í léèrè ohun tí òun àti àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ lẹ́yìn ilé. Á ní ugali àti sukuma wiki. Ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n rò kó le ni ugali, sukuma wiki sì ni ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi àlùbọ́sà àti tòmátì dín. Ẹ ní kó se é fún yín lọ́jọ́ kejì. Ojú kúùkù náà á tàn, torí kò wọ́pọ̀ kí àlejò béèrè rẹ̀. Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, tàbí tó ń fẹ́ ẹran tí Mùsùlùmí dú, kó ti sọ ọ́ nígbà tó ń san owó.

Àdúrà

Mo mọ ìlú tí mo ń kọ̀wé sí. Àgọ́ aṣọ kò mọ ìyàtọ̀ láàrin àdúrà ìkọ̀kọ̀ àti ìsọjí. Àwọn ìyá ìjọ Onítẹ̀bọmi kan tí mo mú lọ gbé orin sókè láago márùn-ún ìdájí, ẹyẹ àti òyìnbó jí pọ̀. Ẹ gbàdúrà sínú tàbí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Fún Mùsùlùmí: ẹ má kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ bí a ṣe sábà ń ṣe nílé. Láti Mara, ìhà àríwá ni Mẹ́kà wà, ó kàn fì díẹ̀ sí ìlà-oòrùn ni. Nínú àgọ́ ni kí ẹ ti ṣe àlùwàlá tí ilẹ̀ kò bá tíì mọ́, ẹ má jáde lọ wá omi ẹ̀rọ.

Wíwo ẹran

Ago tíì àti bísíkíìtì ni wọ́n fi ń jí èèyàn, ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀. Ẹ mu ún, ẹ jẹ ẹ́ tán níwájú ẹni tó gbé e wá, ìdí rẹ̀ ti hàn sí yín. Aago mẹ́fà, ọkọ̀ gbéra. Òru ni kìnìún àti ẹkùn ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá sùn di aago mẹ́jọ á bá wọn níbi tí wọ́n ti ń sùn lábẹ́ igi.

Nínú ọkọ̀, ẹ jókòó. Ẹran ti mọ ọkọ̀ bí nǹkan ńlá kan tí kò ṣe é ní jàǹbá. Ẹni tó bá dìde tàbí tó yọ apá síta ló ń ba àwòrán náà jẹ́ lójú rẹ̀. Ẹ pa ohùn fóònù. Ẹ má kọ́ súfèé pe ẹran, ẹ má ju nǹkan sí i. Ẹ má sì fi dọ́là fa dẹ́rẹ́bà létí pé kó kúrò lójú ọ̀nà kó sún mọ́ kìnìún sí i. Tí wọ́n bá mú un, ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ló máa lọ sí i.

Ọdẹ tó bá wà nínú yín á fẹ́ kí erin ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá bí wọ́n ti ń kí i nínú ìjálá. Mo ti rí bàbá kan tí ẹnu ń jó lórí àjànàkú, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀, tí ohùn kò sì jáde. Dẹ́rẹ́bà béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ara wọn le. Mo ní ó le, wọ́n ń kí i ni.

Ọjọ́ kan, ẹ má bá wọn jáde nírọ̀lẹ́. Ẹ jókòó sórí àga tó kọjú sí odò. Ó lé ní wákàtí mẹ́ta tí màmá fi jókòó níbẹ̀, tí wọ́n ń wo ọ̀nì kan tó la ẹnu sílẹ̀ lórí iyanrìn láìmira, àwọn erinmi mẹ́rìndínlógún (wọ́n kà á) tí wọ́n ń ti ara wọn bí èrò ọjà, àti erin kan tó wá mu omi lódìkejì tó sì lọ. Wọ́n ní ọjọ́ yẹn ló dùn jù.

Omi, aṣọ, owó ọwọ́

Àwọn àgọ́ kan ń lo omi inú àpò tí wọ́n gbé kọ́ sókè. Ẹ ó sọ aago tí ẹ fẹ́ wẹ̀, wọ́n á rọ omi gbígbóná sí i. Nǹkan bíi garawa kan ni, nítorí náà ẹ rẹ ara, ẹ ti ẹnu omi, ẹ fi ọṣẹ, kí ẹ tó tún un ṣí. Wọ́n á bá yín fọ aṣọ, àmọ́ ọ̀pọ̀ ibùdó kì í fọ pátá ẹlòmíràn. Wọ́n á gbé ọṣẹ sí ilé ìwẹ̀ yín fún un. Àwa náà mọ̀ pé bó ṣe yẹ nìyẹn.

Fún owó ọwọ́, àpótí kan máa ń wà fún gbogbo òṣìṣẹ́, ẹ sì fún dẹ́rẹ́bà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọjọ́ ìkẹyìn ni wọ́n ń fún un, nínú àpòòwé. Ẹ má ná an lé wọn lórí.

Ìpadàbọ̀

Bàbá ọdẹ kan ládùúgbò wa bẹ̀ mí kí n bá àwọn mú ọ̀rá kìnìún bọ̀, tàbí ìrù erin, tàbí ó kéré tán ìyẹ́ ẹyẹ kan. N kò mú nǹkan kan bọ̀. Egungun, awọ, eyín, ìyẹ́, ìkarawun, bí ẹ bá tiẹ̀ rí i nílẹ̀, ẹ fi í síbẹ̀. Ní 2016, Kenya dáná sun eyín erin tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 105 níta gbangba, ẹ ò wá lè fi "mo kàn rí i he ni" bá wọn sọ̀rọ̀ ní pápákọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn obìnrin Maasai ń sín wà, ẹ rà á lọ́wọ́ wọn. Mo mú ọ̀kan bọ̀ fún bàbá ọdẹ náà, wọ́n sì ń wọ̀ ọ́.

Wọ́n lè tún báàgì yín wọ̀n nígbà tí ẹ bá ń padà. Ẹ wọ súwẹ́tà sọ́rùn, ẹ ki ìlẹ̀kẹ̀ sápò. Ní pápá, ẹ má tíì sọ̀ nínú ọkọ̀ tí bàlúù bá ń bọ̀ lókè: dẹ́rẹ́bà ṣì máa kọ́kọ́ sáré yí pápá náà po, kó lé àwọn ẹran tó ń jẹko lójú ọ̀nà bàlúù kúrò.